Koríko Tó Dúró Lójú Okùn

"Màámi, ẹ wò ó."

Mi ò fẹ́ wò ó. Mo ti mọ ọmọ mi. Bí Ikhlas bá dá iṣẹ́ dúró, tó tẹjú mọ́ nǹkan kan báyìí, wàhálà ti fẹ́ dé nìyẹn. Omi àbàtà mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwa mẹ́jọ la tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa nínú oko ìrẹsì mi, a tẹ̀ mọ́lẹ̀, à ń fa koríko. Òun nìkan ló nàró. Ó di ewéko kan mú, ó fi èékánná àtàǹpàkò ya ewé rẹ̀ kúrò lára igi rẹ̀, ó sì ń yẹ ibi tó ti ya á wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Tẹ̀ mọ́lẹ̀," mo wí ní ohùn kékeré. "Wọ́n ń wò wá."

Òótọ́ ni. Moyọ̀sọ́lá, tí òun àti Ikhlas jọ wà ní kíláàsì kan náà, ti gbé orí sókè. "Tíṣà ti dé o," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbé bẹ́ǹṣì wá, kó lè rí wa kọ́."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Bàbá Lásúnkànmí kò rẹ́rìn-ín. Òun ni bàbá bàbá Moyọ̀sọ́lá, òun sì ni olórí àáró wa. Àáró tí mo wí yìí, iṣẹ́ àjọṣe ni: gbogbo wa á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, a ó bọ́ sí oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Lọ́jọ́ yẹn, ó kan oko tèmi. Kò sí ẹni tó pẹ́ tó Bàbá nídìí ìrẹsì ní gbogbo Ipara. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Kí ló dé, ọmọ yìí?" Bàbá béèrè.

"Bàbá, eléyìí tó wà lójú okùn yìí, ó dà bíi pé..."

"Ohun tó bá wà lójú okùn, ìrẹsì ni. Ohun tó bá wà lẹ́yìn okùn, koríko ni. Bí méjì bá wà lójú ihò kan, ẹ fa èyí tó rù, ẹ fi èyí tó sanra sílẹ̀. Ṣé ìyẹn náà ṣòro?"

"Rárá, sà."

Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo mí.

Mo ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ okùn yìí. Bí a bá fẹ́ lọ́ ìrẹsì kúrò ní bẹ́ẹ̀dì, ibi tí a kọ́kọ́ da irúgbìn sí kó lè hù, sínú oko, okùn la máa ń na láti òpin kan dé òpin kejì. Ojú okùn yẹn la óò máa gbìn ín sí. Nítorí náà, nígbà tí koríko bá wá hù, ó rọrùn láti mọ èyí tí a gbìn àti èyí tó hù fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan mìíràn.

Oko tí mò ń wí yìí, kì í ṣe tèmi. Ilẹ̀ ẹbí Adétúnbọ̀ ni. Hàrúnà ọkọ mi ló ń dá a nígbà tó wà láyé. Nígbà tó kú, wọ́n ní kí n máa dá a lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, koríko borí ìrẹsì mi. Ó so, èso rẹ̀ gbọ̀n sínú omi, omi sì gbé e lọ sí oko àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n lọ fẹjọ́ mi sùn. Bàbá Adétúnbọ̀, olórí ẹbí, ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo mọ́ mi. Ìbá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá Ikhlas, bí koríko bá tún borí oko yìí lọ́dún yìí, màá gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ má bínú sí mi."

Mi ò ní oko mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ́ ọmọ mi. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà nínú omi yẹn. Mo máa ń wo ojú Bàbá Lásúnkànmí bí mo ṣe ń wo ojú ọ̀run nígbà òjò.

Lọ́sàn-án, a jókòó sábẹ́ igi láti mu gààrí. Ikhlas sún mọ́ mi. Ó gbé ewéko méjì lé orí itan mi.

"Ẹ wo ibi tí ewé ti pàdé igi rẹ̀, Màámi. Eléyìí, ẹ rí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí? Bí ahọ́n kékeré ló rí. Ó tún ní irun díẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìrẹsì nìyẹn. Ẹ wá wo ìkejì. Kò sí ahọ́n. Kò sí irun. Ibẹ̀ ń dán lásán ni. Ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ tún pọ́n díẹ̀. Koríko ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀kún, tíṣà tó ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ní ká má kàn gba òun gbọ́ bẹ́ẹ̀, ká lọ ya á wò fúnra wa. Ó ní láàárín ọdún kan ṣoṣo ni koríko yìí máa ń hù, tó máa ń so, tó sì máa ń kú. Èso rẹ̀ nìkan ló fi ń padà wá. Bó bá ti so kí á tó fà á, ó ti dàrú nìyẹn."

"Ojú okùn lo ti fa èyí?"

"Ojú okùn ni."

"Báwo ni koríko ṣe máa dé ojú okùn? Ta ló gbìn ín síbẹ̀?"

Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Àwa ni, Màámi."

Ó ṣàlàyé fún mi. Irúgbìn tí a lò, nínú ìrẹsì ọdún tó kọjá la ti mú un. Nígbà tí a pa ìrẹsì yẹn, èso koríko ti wà nínú rẹ̀. A da gbogbo rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì pa pọ̀. Wọ́n jọ hù. Wọ́n jọra bí ìbejì. A dì wọ́n ní ìdì kan náà, a rù wọ́n wá sóko, a na okùn, a sì fi ọwọ́ ara wa gbìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wá burú jù ni pé koríko yìí máa ń yára ju ìrẹsì lọ. Òun ló máa ń sanra. Bí Bàbá ṣe ní ká fa èyí tó rù yẹn, ìrẹsì là ń fà. Koríko là ń tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n parọ́, ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ṣáájú òye dé ọ̀dọ̀ mi.

"Pa ẹnu rẹ mọ́," mo wí fún un. "Bí Bàbá bá bínú, gbogbo wọn á bá a lọ. Èmi àti ìwọ ò lè dá ro oko yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ yín, mà."

Nígbà tí a padà sínú omi, ó bá wọn fà á bí wọ́n ṣe ń fà á. Moyọ̀sọ́lá ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bá a gbè é. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí àwọn tó kù lọ wẹ ẹsẹ̀, mo bá a lórí ebè níbi tí a kó àwọn èyí tí a fà lójú ihò sí. Ó ti pín wọn sí òkìtì méjì. Òkìtì kan ga dé orúnkún rẹ̀. Ìkejì kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.

"Ìrẹsì ni ńlá yìí," ló wí. "Màámi, èmi náà fà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ni, mo sì ń fà á." Omi ti gba ojú rẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sílé.

Ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú omi, Ikhlas lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Lásúnkànmí nínú ẹrẹ̀. Mi ò mọ̀ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà lójú okùn yìí, koríko ni. Láti bẹ́ẹ̀dì la ti gbé e wá. Ìrẹsì la fà lánàá." Ó na ewéko méjì sí i. "Ẹ wo ibi tí ewé ti pàdé igi, sà. Ọ̀kan ní ahọ́n, ọ̀kan kò ní."

Bàbá gbà wọ́n. Ó na ọwọ́ jìnnà sí ojú, ó wò wọ́n. Ó fà wọ́n sún mọ́ ojú, ó tún wò wọ́n. Mò ń ṣọ́ ọ. Ó wá jù wọ́n sínú omi.

"Ọmọ yìí ní èmi Lásúnkànmí ń gbin koríko," ló wí. Kò bá Ikhlas sọ ọ́, gbogbo àwọn tó kù ló bá sọ ọ́. "Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá rẹ̀ ni mo ti wà nínú àbàtà yìí. Ó dáa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó máa ro ó."

Ó mú àdá rẹ̀, ó gba orí ebè lọ. Ọ̀kan tẹ̀lé e. Èkejì tẹ̀lé e. Tájù, tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀, kò lè wo ojú mi, ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ikhlas, ẹ bá wa bẹ Bàbá," ó sì lọ. Moyọ̀sọ́lá ló kẹ́yìn.

"O ti bà á jẹ́ báyìí," ló wí fún Ikhlas. "Ṣé ó dùn mọ́ ọ nínú?"

Ó ku èmi àti ọmọ mi àti omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú tán, mo wé gèlè, mo di ọwọ́ Ikhlas mú, ó di ilé Bàbá Lásúnkànmí. Lójú ọ̀nà mo ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Kó ní òun ṣì í wò. Kó ní ìwé ló da òun láàmú. Gbólóhùn méjì péré, oko á sì padà bọ̀ sípò.

Bàbá wà lórí àga níta. Èmi àti ọmọ mi kúnlẹ̀.

"Bàbá," Ikhlas wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kò yẹ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó yẹ kí n wá bá yín nílé. Mo bẹ̀ yín."

Bàbá mi orí bí ẹni tó gbà. Inú mi ti ń dùn.

"Ṣé o ti wá mọ̀ báyìí pé ìrẹsì ni?" ó béèrè.

Mo fi ìgúnpá gún un.

"Koríko ni, sà."

Bàbá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. "Ìyá Ikhlas," ló wí, "ẹ mú ọmọ yín lọ sílé."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ nígbà oúnjẹ. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n inú mi kan tún wà nísàlẹ̀ tí kò bínú. Inú yẹn ń bi mí pé, bí ọmọ yìí bá purọ́ nítorí rẹ, kí lo máa wá fi kọ́ ọ?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo dá lọ sóko. Mo kàn fẹ́ mọ̀. Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa ọ̀kan lójú okùn, mo fi èékánná ya ewé rẹ̀. Ahọ́n wà níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo ya èkejì. Kò sí nǹkan kan. Mo ya ẹ̀kẹta. Kò sí. Ẹ̀kẹrin, kò sí. Ẹ̀karùn-ún, ahọ́n wà. Kí oòrùn tó mú, mo ti ya tó ogójì. Kò sí ọ̀kankan tó ṣe mí níyèméjì. Èmi tí mi ò ka ìwé púpọ̀, ọwọ́ mi ń kà á.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, Ikhlas ti wà ní ìlà kejì. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó ti ń fà.

"Báwo lo ṣe ń yára báyìí?" mo béèrè.

"Ẹ má ya gbogbo rẹ̀, Màámi. Ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ igi. Èyí tó bá pọ́n, ẹ fà á. Èyí tí kò bá dá yín lójú, òun ni kí ẹ ya wò."

Bí a ṣe padà bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é, àwa méjì. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, ìyẹn ló gbà wá. Ẹ̀yìn dùn wá. Eṣúṣú mu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Oko náà wá pá ní ibi púpọ̀, ó wá dà bí orí tí wọ́n fá ní ìfákufà, nítorí pé bí a bá fa koríko lójú ihò tán, nígbà mìíràn kò ní ku nǹkan kan níbẹ̀. Ikhlas wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó lọ sí bẹ́ẹ̀dì, ó yẹ àwọn ìrẹsì tó ṣẹ́kù síbẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó àwọn tó ní ahọ́n wá, a sì fi dí ojú ihò tó ṣófo. Àwọn tó ń kọjá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́kadà kan láti Ìlárá dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ gbìn ín, ẹ̀yin náà lẹ tún ń fà á. Ṣé kò sí wàhálà?" Mo tún fa ọ̀kan sí i. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní àárọ̀, mo rí Bàbá Lásúnkànmí lórí ebè wa. Moyọ̀sọ́lá ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ìró, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde," ló wí. "Ọmọ yín ni mo wá bá."

Ikhlas jáde wá láti inú omi, ó kúnlẹ̀. Bàbá na nǹkan kan sí i. Koríko ni, ó ti yọrí, orí rẹ̀ ti ní èso tútù wẹ́wẹ́.

"Ìrẹsì tí a lọ́ kò tíì pé oṣù méjì nínú oko," Bàbá wí. "Kò tíì tó àkókò tó yẹ kó yọrí. Ṣùgbọ́n ojú okùn mi kún fún eléyìí. Kí ni?"

Moyọ̀sọ́lá wo ilẹ̀. Mo wo ọmọ mi. Mo mọ ohun tí èmi ìbá sọ ká ní èmi ni. Màá ti sọ pé, ṣebí a sọ fún yín.

"Koríko ni, sà," Ikhlas wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Bàbá jókòó sórí ebè.

"Lọ́jọ́ tí o na ewéko méjì sí mi," ló wí, "mi ò rí nǹkan kan. Ìrẹsì, koríko, bákan náà ni wọ́n rí lójú mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Àwọ̀ ewé àti gíga rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Moyọ̀sọ́lá yìí pàápàá, àárọ̀ yìí ni mo tó sọ fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rántí pé lọ́dún tó kọjá, òun ló ṣíwájú wa nígbà tí a ro oko mi. Gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n fi mí sùn, gbogbo oorun tí mi ò sùn. Inú fẹ́ bí mi. Ikhlas kò jẹ́ kí n rí àyè bínú.

"Kò nílò ojú, Bàbá," ló wí. Ó fa ìrẹsì kan àti koríko kan. "Ẹ dijú, sà. Ẹ mú ọwọ́ yín wá. Ẹ tẹ ewé yìí sẹ́yìn. Ẹ fi èékánná yín fa ibi tó ti tẹ̀ yẹn sókè, díẹ̀díẹ̀. Kí lẹ bá?"

Bàbá dijú. Èékánná rẹ̀ ń rìn. Ó dúró. "Nǹkan kan dí mi lọ́nà. Ó fẹ́lẹ́. Irun sì wà."

"Ìrẹsì. Ẹ gba èkejì."

"Ó ń yọ̀. Kò sí nǹkan kan."

"Koríko."

"Fún mi ní mìíràn," Bàbá wí.

Moyọ̀sọ́lá sáré wọ inú omi, ó fa ẹ̀kúnwọ́ kan wá, ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Bàbá kò la ojú. Ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná wò wọ́n, ó ń ju ti koríko sí òsì, ó ń to ìrẹsì sí ọ̀tún. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ikhlas yẹ wọ́n wò. Kò ṣi ọ̀kankan.

Bàbá la ojú. Ó wo òkìtì méjèèjì tí kò rí dáadáa, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ńlá. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Lọ pe Tájù," ló wí fún Moyọ̀sọ́lá. "Lọ pe gbogbo wọn. Sọ fún wọn pé Bàbá ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ikhlas, kí èso yìí tó gbó."

Oko Bàbá la kọ́kọ́ wọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré la ní kí èso koríko tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbogbo wa ló sì mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fa ọ̀kan, inú àpò ló ń kó o sí, kì í jù ú sínú omi, kí a lè sun ún lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ikhlas ló ní kí á ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá wà níwájú, ó dijú, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ọwọ́ aránṣọ.

"Bàbá, ẹ má sùn sínú omi o," Moyọ̀sọ́lá wí.

"Ìwọ tí ojú rẹ là sílẹ̀, mélòó lo ti fà?"

"Mò ń bọ̀."

"Máa bọ̀. Wàá bá mi níwájú."

Ẹ̀rín gba inú àbàtà. Nígbà tí a dúró láti mu omi, Moyọ̀sọ́lá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ikhlas. "Tíṣà," ló wí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, "wá fi ti irun yẹn hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ahọ́n nìkan ni mò ń rí."

Ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó wọ̀, a ti gba oko Bàbá là lọ́wọ́ koríko. A bọ́ sí ti Tájù. A kárí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ìrẹsì pọ́n, Bàbá Adétúnbọ̀ wá wo ilẹ̀ rẹ̀. Òun àti ọkùnrin méjì láti inú ẹbí ni. Gbogbo àwa tí à ń dáko níbẹ̀ la tò sórí ebè. Ó gba oko mi kọjá láti òpin kan dé òpin kejì, ó ń fi ọ̀pá ya ìrẹsì sọ́tùn-ún sósì. Orí ìrẹsì tẹ̀ kodoro, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ àkàrà tó jiná. Ní àárín oko ó dúró. Ó fa nǹkan kan tu, ó gbé e wá bá wa.

"Koríko nìyí," ló wí.

Mo di ọwọ́ Ikhlas mú.

"Ọ̀kan ṣoṣo," ó tún wí. "Ní gbogbo oko. Ta ló ro oko yìí?"

Kí n tó la ẹnu, Bàbá Lásúnkànmí ti bọ́ síwájú.

"Ọmọ obìnrin yìí àti ìyá rẹ̀ ló ro ó," ló wí. "Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ti ọdún tó kọjá tí ẹ fi bá obìnrin yìí wí, èmi náà ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n fa ìrẹsì, kí wọ́n fi koríko sílẹ̀. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, mo sì ń tijú láti sọ. Ọmọ yìí sọ fún mi lórí ìkúnlẹ̀, mo lé e. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá sí ọrùn mi."

Omijé ń já bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Bàbá Adétúnbọ̀ tẹ̀ ba díẹ̀ fún Bàbá Lásúnkànmí, nítorí Bàbá ló dàgbà jù ú lọ. Ó wá yí sí mi.

"Ìyá Ikhlas, oko yìí di tiyín láti máa dá. Mi ò ní bá yín sọ ọ̀rọ̀ gbígbà mọ́. Láti ọdún tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ́ ìrẹsì kúrò ní bẹ́ẹ̀dì sínú ilẹ̀ ẹbí wa àyàfi bí ọmọ yìí bá ti yẹ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò." Ó wo koríko ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìrẹsì. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀? Lójú tèmi, kí wọ́n tó yọrí, ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ikhlas fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wá wò mí, ó sì pa ẹnu mọ́. Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá Adétúnbọ̀, olórí ẹbí, ẹni tí mo ti ń sá fún ojú rẹ̀ láti ọdún kan sẹ́yìn, ń dúró dè mí.

Mo bọ́ sínú oko, mo fa ìrẹsì kan, mo padà wá.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá, sà," mo wí. "Ẹ dijú."

Ó dijú. Mo fi èékánná rẹ̀ sí ibi tó yẹ, mo sì kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín wádìí tó sì dá yín lójú, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú yín pè é ní nǹkan mìíràn. Ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ tọrọ àforíjì bí ẹ bá ṣi ibi tí ẹ ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà. Nígbà tí òótọ́ yín bá sì wá hàn, ẹ má fi tẹ ẹni tó ṣàṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ọ̀nà tí òun náà yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, nínú omi tó mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀, èmi sì ni ìyá rẹ̀.